Ẹ má jẹ́ kí agogo dákẹ́

Àwọn tó ń ta gìtá ní àǹfààní kan tí àwa onímáṣíìnì, tó ń fi ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà ṣeré lójú agbo, kò ní. Bí orin bá parí, wọ́n á máa yí okùn gìtá, onílù á nu òógùn ojú, gbogbo ayé á rí i pé iṣẹ́ ń lọ. Ní tèmi, ọkùnrin kan tó doríkodò sẹ́yìn kọ̀ǹpútà ni òǹwòran ń rí. Wọn ò mọ̀ bóyá báàsì ni mò ń wá tàbí mò ń dáhùn WhatsApp. Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 péré, ẹ ó rí i bí iná fóònù á ṣe máa tàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Irú ẹ̀rọ tí mò ń lò ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ máa ń bi mí. SP-404 MKII ni, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn sílẹ̀ tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ jáde padà, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí Ableton Live, ètò tí a fi ń ṣe orin, wà lórí rẹ̀, máíìkì kan, àti agogo onírin gidi tí mo so mọ́ ìdúró máíìkì. Ó ń yà mí lẹ́nu pé wọn kì í béèrè ohun tí mò ń ṣe láàárín orin méjì, níbi tí iṣẹ́ gan-an wà.

Àwọn àgbà olórin wa ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ẹ gbé àwo jùjú àtijọ́ sórí ẹ̀rọ: ojú kan lè lọ tó ìṣẹ́jú 18, orin mẹ́ta mẹ́rin á ti kọjá, ìlù ò ní dúró. Lóde àríyá, onífújì á kí ìyá ìyàwó, á ki ẹni tó ń náwó fún un, á sinmi ohùn, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní kúrò lágbo, torí àwọn onílù ò gbé ọwọ́. Fẹlá ní tirẹ̀ máa ń fi ẹnu dí àlàfo náà. Lálẹ́ yabis, alẹ́ ọ̀rọ̀ ìfiṣẹ̀sín, ní Shrine, ilé orin rẹ̀ àtijọ́ ní Pepple Street, Ìkẹjà, ọ̀rọ̀ ló ń sọ, tí èrò ń dá a lóhùn, owó ni wọ́n sì san kí wọ́n tó wọlé wá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Fẹlá nìyẹn o. Ẹnu tèmi ò mú tó bẹ́ẹ̀, agogo ni mo fara mọ́.

Ẹ wo ọ̀kan. Mo ní orin kan tó ń lọ ní 120 BPM, ìyẹn ẹsẹ̀ 120 ní ìṣẹ́jú kan, bí ẹni tó ń jó ṣe ń gbẹ́sẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e sì jẹ́ 90. Bí ẹ bá rọra ń fa 120 bọ̀ wálẹ̀ lójú agbo, á máa dún bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo ń tán nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kóńkóló tí àwọn onílù wa ń lu agogo sí, ìwọ̀n 12 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ kà á ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni. Ẹ kà á ní mẹ́rin-mẹ́rin, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni. Ní 120, ẹsẹ̀ mẹ́rin gba ìṣẹ́jú àáyá 2. Ẹsẹ̀ mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2 kan náà, 90 nìyẹn. Nítorí náà, kí orin àkọ́kọ́ tó tán, mo ti wà lórí agogo. Màá yọ báàsì, màá yọ kick, ìlù ńlá tó ń dún lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, á wá ku agogo àti àtẹ́wọ́ àwọn tó ń jó. Ìgbà yẹn ni màá fi ìka kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kick lórí pad, bọ́tìnì orí SP-404, ní mẹ́ta. Ẹsẹ̀ wọn á ṣì wà nínú ti àtijọ́ nígbà tí èjìká ti gba tuntun. Àwọn ìyá wa ló máa ń kọ́kọ́ mú un, kì í ṣe àwọn ọmọ onífìlà wọ̀nyẹn. Màá wá tẹ scene tó kàn nínú Ableton, ìyẹn àwọn ìró orin tuntun tí mo tò pọ̀, tí mo ti kọ 90 sí tẹ́lẹ̀. Ableton á dúró de ìbẹ̀rẹ̀ bar, ìyípo ìlù tó kàn, á yí tẹ́ńpò fúnra rẹ̀, orin tuntun á bọ́ sílé láìkọsẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, mi ò kí í kéde orin tó kàn. “Ṣé ẹ ń gbádùn ara yín?” náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún alága ìdúró. Mo máa ń dá orin olóhùn kúkúrú kan, èyí tí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá lè gbè. Tí wọ́n bá ti ń gbè é dáadáa, màá kọ máíìkì sí wọn, màá tẹ Skip Back lórí SP-404, èyí tó máa ń mú ìṣẹ́jú àáyá 25 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá pa mọ́. Màá gé ohùn wọn wẹ́wẹ́, màá sì gbé e sínú orin tuntun. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú sípíkà kì í yọ fóònù mọ́, àfi tó bá fẹ́ ká a sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná. Kọ̀ǹpútà ní bátìrì, SP-404 náà lè lo bátìrì kéékèèké mẹ́fà, ṣùgbọ́n sípíkà ò ní. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín orin, agogo onírin ò bìkítà, èmi ni mo ń lù ú. Màá kàn tún orin dá, wọ́n á gbè é. Kí ẹni tó lọ tan jẹnẹrétọ̀ tó rí kọ́kọ́rọ́, a ti máa ń wọ ẹsẹ̀ kejì.