Fáìlì Ńlá Tí A Kò Mọ Ẹni Tó Ni Ín

Bí kọ̀ǹpútà bá ti sọ pé ààyè ti tán lórí dísíìkì C, fọ́tò ìgbéyàwó, orin àti fídíò ọmọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń pa rẹ́. Ó ń dùn mí, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn fáìlì tó gba ààyè jù ni èyí tí Windows fi pamọ́ fún wa. Ní Kàbà níbí, kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, dísíìkì wọn kì í sì tóbi. Èyí tí wọ́n tà ní 256 GB, 238 péré ni Windows máa kà lórí rẹ̀, nítorí pé láti ìwọ̀n kan dé èyí tó tẹ̀ lé e (bíi MB sí GB), ẹgbẹ̀rún kan ni ẹni tó ṣe dísíìkì fi ń ṣírò, 1,024 sì ni ti Windows. Ìyẹn kì í ṣe olè.

Olùkọ́ kan láti Ìyàrá gbé tirẹ̀ wá fún mi. Ìbéèrè ìdánwò àti máàkì àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ti ro gbogbo fódà tí a lè rí pọ̀, kò sún mọ́ iye tí Windows ní òun ti lò. Ó ti rí fáìlì ńlá kan tó ń jẹ́ hiberfil.sys, ó sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa eléyìí rẹ́, mi ò mọ̀ ọ́n rí." Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ín."

Windows ló ni ín. Bí bátìrì bá fẹ́ kú tán, inú fáìlì yìí ni Windows máa ń kó gbogbo ohun tó wà nínú RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) sí kí ó tó pa kọ̀ǹpútà, kí a lè bá iṣẹ́ wa níbi tí a fi í sí. Ó sábà máa ń tó ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún RAM, nítorí náà lórí kọ̀ǹpútà tó ní 8 GB, ó lé ní 3 GB. Lóòótọ́, àṣẹ powercfg /h off, tí a ń tẹ̀ sínú Command Prompt, yóò mú un kúrò lójú ẹsẹ̀, ìmọ̀ràn náà sì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fún un kò mọ bí iná ṣe ń lọ lọ́dọ̀ wa. Fún olùkọ́ tó ń tẹ máàkì lálẹ́ pẹ̀lú bátìrì tó ti rẹ̀, mo gbà pé kí fáìlì náà wà níbẹ̀. Ní ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní bátìrì, tí iná bá lọ, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Lórí irú rẹ̀ ni mo máa ń fi àṣẹ yẹn mú fáìlì náà kúrò.

Pagefile.sys, fáìlì tí Windows fi ń ran RAM lọ́wọ́, náà kò ṣeé fọwọ́ kàn bí RAM bá kéré.

Ibi tí ààyè náà wọlé sí gan-an kò tíì hàn. Mo ṣí WizTree, ètò tó ń fi hàn ohun tó gba ààyè lórí dísíìkì, pẹ̀lú agbára alábòójútó (Run as administrator), nítorí pé láìsí agbára yẹn, fódà System Volume Information kì í jẹ́ kí a wo inú rẹ̀. Ẹ̀dà ètò àtijọ́ tí Windows ń tọ́jú, kí a lè padà sẹ́yìn bí nǹkan bá bàjẹ́, ló kún ibẹ̀. Àṣẹ vssadmin list shadowstorage sọ iye tí wọ́n gbà àti iye tí a gbà wọ́n láyè láti gbà. A pa èyí tó ti pẹ́ rẹ́, a fi tuntun kan sílẹ̀, a sì dín òdiwọ̀n náà kù nínú System Protection, ibi tí Windows ti ń ṣètò àwọn ẹ̀dà náà. Àwòrán kan ṣoṣo kò kúrò.

Windows.old, fódà Windows àtijọ́ tó máa ń kù lẹ́yìn àtúnṣe ńlá, Windows yóò pa á rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 10. WinSxS, fódà tí Windows ń kó àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ sí, ń dà bí ẹni pé ó tóbi ju bó ti rí lọ, torí pé ọ̀pọ̀ fáìlì inú rẹ̀ ni a tún ń kà níbòmíràn. Ẹ má fi ọwọ́ pa ohunkóhun rẹ́ níbẹ̀, ẹ lo Disk Cleanup, ètò ìmọ́tótó dísíìkì tó wà nínú Windows. Èyí tí mo bẹ̀ yín kí ẹ ṣọ́ra fún ni SoftwareDistribution\Download, fódà tí Windows ń gba àtúnṣe sí: bí Windows kò bá tíì fi àtúnṣe tó wà níbẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tí ẹ sì pa á rẹ́, yóò tún un gbà, dátà tí ẹ fi owó yín rà ni yóò sì lò.