Kí ẹni tó sanra púpọ̀ tó wọ tíátà iṣẹ́ abẹ

Abẹ ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀, fún ẹni tó sanra gan-an, èémí ló yẹ ká máa ṣọ́. Tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, ọ̀rá ikùn á ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, àyè afẹ́fẹ́ á dín. Tí oògùn akunnilóorun bá wá ràn, èémí á dúró títí dókítà yóò fi ki ọ̀pá bọ ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí kò sanra, tó ti fa ọ́síjìn símú dáadáa, lè lò tó ìṣẹ́jú 8 kí ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó wálẹ̀ sí 90 nínú 100. Ẹni tó sanra gan-an lè má lò tó 3.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to ìrọ̀rí àti aṣọ tí wọ́n ká sábẹ́ èjìká àti orí, títí ihò etí yóò fi ṣe déédéé pẹ̀lú kòtò kékeré tó wà lókè egungun àyà, nísàlẹ̀ ọrùn. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń wò ó. Ìrọ̀rí kan ṣoṣo lábẹ́ orí kò tó, nítorí àyà á dí irinṣẹ́ dókítà lọ́nà.

Kó tó dìgbà yẹn, iṣẹ́ wà nílé. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n yín. Ẹ fi gíga yín ní mítà pín kílò yín, kí ẹ tún fi gíga kan náà pín èyí tó jáde. Ẹni tó jẹ́ 130 kílò, tó ga ní mítà 1.65, yóò bá a ní nǹkan bíi 48. Láti 40 lọ ni ìsanrajù tó le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu kílò kúrò nítorí ìtìjú. Oògùn cefazolin tí wọ́n ń fún ni kí ọgbẹ́ má baà ṣọyún, gíráàmù 2 ni fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, 3 fún ẹni tó tó 120 kílò sókè, ó sì gbọ́dọ̀ wọ ara láàárín wákàtí kan ṣáájú abẹ. Ẹni tó jẹ́ 125 tó ní òun jẹ́ 110, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn. Ṣé ẹ máa ń hanrun débi tí wọ́n ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì? Ṣé èémí máa ń dá lójú oorun, kẹ́ ẹ tó ta gìrì? Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù télọ̀ wọn ọrùn. Tó bá ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ sọ fún dókítà. Ẹni tó bá ti ń lo ẹ̀rọ CPAP, èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ símú kí èémí má baà dá lójú oorun, kó gbé e lọ sílé ìwòsàn, kó sì béèrè bí iná ṣe rí lóru níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ní ẹ̀tàn tiẹ̀. Bí ọwọ́ aṣọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá bá kéré sí apá yín, á ka iye tó ga ju ti òótọ́ lọ. Apá tí àyíká rẹ̀ jẹ́ 35 sí 44 sẹ̀ǹtímítà ń fẹ́ èyí tó tóbi. Ẹ béèrè fún un, kò sí àrífín níbẹ̀.

Àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ semaglutide láti fi fọn, ẹ má fi pamọ́. Ó ń mú kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn, nítorí náà a lè gbààwẹ̀ wákàtí 6 kí oúnjẹ ṣì wà níbẹ̀, kó padà wá bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Dapagliflozin àti empagliflozin tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò, ó kéré tán ọjọ́ 3 ṣáájú ni wọ́n máa ń dá a dúró, àmọ́ dókítà ni yóò sọ ọ́. Sìgá àti ṣíṣà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán ṣáájú abẹ. Èéfín ni ṣíṣà, bó ti wù kó máa rùn bí èso tó. Bí ikọ́ ọyẹ́ bá sì ń yọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú.

Fún iṣẹ́ abẹ ikùn, ọ̀sẹ̀ 2 oúnjẹ díẹ̀, kálórì 800 sí 1,000 lójúmọ́, máa ń sọ ẹ̀dọ̀ di kékeré. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti mú wú máa ń bo àpòlùkù, dókítà kò ní ríran, ó sì rọrùn kó ṣẹ̀jẹ̀. Ẹja, ẹyin, ẹ̀fọ́ ni. Túwó, máásà àti fúrà kó dúró ná. Ẹni tó ń gba ínsúlíìnì kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti dín oògùn rẹ̀ kù, kí súgà má baà já wálẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ dídì ló kù. Kí aláìsàn dìde rìn lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an bí wọ́n bá gbà á láyè, kó má sì fo abẹ́rẹ́ enoxaparin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tó bá ń gbé Kúbwà l'Ábùjá tó fẹ́ lọ sinmi lọ́dọ̀ ẹbí n'Ìbàdàn, kó fi ìrìn náà falẹ̀. Odindi ọjọ́ kan lórí ìjókòó mọ́tò, téèyàn bá gba Lọ́kọ́ja lọ, ni ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ń fẹ́ kó lè dì. Ẹsẹ̀ kan tó wú ju èkejì lọ, tàbí èémí tó ṣàdédé kúrú, ilé ìwòsàn ni.

Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn tàbí ìfun fún, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré ju 120 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tí kò rọlẹ̀, ó lè jẹ́ pé ojú rírán ti ń jò. Ọ̀rá lè bo ìrora àti líle ikùn mọ́lẹ̀, kò sì dandan kí ibà wà. Ẹ ka ìlù ọkàn fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ sì gbéra lóru náà.