Egungun Ògúnfe Lójú Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Ẹṣin

Ìyàwó mi ló ní kí n yéé sùn níwájú tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo Sátidé, kí n wá nǹkan ṣe. Bí mo ṣe forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn awalẹ̀pìtàn kan ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nìyẹn. Ojú ọ̀nà àtijọ́ kan tó wọ ọgbà ilé ọlọ́lá kan ni wọ́n ń wà. Owó kò sí níbẹ̀ o. Ìwọ fúnra rẹ lo máa ra bàtà rọ́bà, tí wàá sì kúnlẹ̀ sórí ẹrẹ̀ látàárọ̀.

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. Mo rò pé ẹni tó là á ti mutí yó ni. Ọ̀gá wa ní rárá, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lọ́ ọ ni, kí àlejò lè kọ́kọ́ rí adágún, kó rí igi, kó rí àgùntàn, kí ilé tó yọ sí i lójijì. Àlejò tébi ń pa á ti gbé onílé ṣépè kó tó débẹ̀.

Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà lókè, irú èyí tí John Loudon McAdam, ará Scotland nì (1756–1836), kọ́ àwọn èèyàn láti máa tẹ́. Wọ́n ní ó sọ fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé òkúta tí kò bá wọ ẹnu wọn, kí wọ́n tún un fọ́. Àwọn awalẹ̀pìtàn náà, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá hú nǹkan kan tí wọn ò mọ̀ bóyá òkúta ni àbí egungun, wọ́n á fi ahọ́n kàn án. Egungun tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, òkúta kì í lẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Lọ́sàn-án, àwọn òyìnbó yọ búrẹ́dì wọn. Èmi ṣí kúlà: ìrẹsì àti ògúnfe, òórùn ọbẹ̀ ata gba gbogbo pápá. Mo ti ń fọ́nnu fún wọn pé Ifẹ̀ ti ń to àpáàdì ní ìnàró, pẹ́kípẹ́kí, láti fi tẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bí McAdam. Pé ọmọ ìlú wọn, Frank Willett, wà lára àwọn tó hú u ní Ìta Yemòó. Gbogbo wọn ń mirí. Èmi náà ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ibẹ̀ lọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ló ń fọ́ egungun kàkà láwùjọ? Nílé, mo máa ń fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ débi pé ajá ò ní rí nǹkan kan he. Lọ́jọ́ yẹn, mo wọ̀tún, mo wòsì, mo bá ki egungun bọ abẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ létí kòtò, pé màá mú un tá a bá ń lọ.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta, ìyá àgbà kan figbe ta. Ó ti rí nǹkan! Gbogbo wa sáré dé ibẹ̀. Ọ̀gá gbé igi ìwọ̀n pupa àti funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ya fọ́tò. Èmi náà ń pàtẹ́wọ́. Àfi bí mo ṣe rí ojú eyín mi lára rẹ̀. Kí n tó lanu, Màmá ti yọ ahọ́n.

Ó lá a. Ojú rẹ̀ yí. Ó tún un lá, kó lè dá a lójú. Ni ikọ́ bá dé, imú rẹ̀ pọ́n wẹ̀. Ọ̀gá pariwo pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ májèlé eku ayé àtijọ́ ló wà nínú ilẹ̀ yẹn. Ẹnì kan ti ń pe áńbúláǹsì.

"Ata rodo ni," mo wí, ohùn mi ò ju ti yànmùyánmú lọ.

"Kí lo wí?"

"Ata ni. Èmi ni mo ni egungun yẹn."

Màmá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ti ẹ̀rín ni àbí ti ata. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọ̀rá tó ti kọ "bíi 1820" sí lára, ó fa ìlà lé e, ó kọ "òní, aago kan ọ̀sán" sábẹ́ rẹ̀, ó sì nà án sí mi.

Ìyàwó mi gbọ́ ọ tán, ó yẹ egungun náà wò lọ́tùn-ún lósì.

"Bàbá Ṣadé, gbogbo mùdùnmúdùn yìí!"

"Ojú ló ń tì mí."

"Ojú ń tì yín láti fọ́ ọ, ojú ò wá tì yín láti sin ín?"