Ohun tí ojú mi rí nídìí àbàwọ́n ọ́ìlì

Kọnkéré tí baba onílé wa dà sí iwájú ilé kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí mo fi bà á jẹ́. Àpáta, n'Íbàdàn, là ń gbé. Láàárọ̀ Sátidé kan, mo ní kí n pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ mi fúnra mi, kí owó iṣẹ́ mẹkáníìkì lè ṣẹ́kù sí mi lápò. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì, mo gbé abọ́ sí i. Ọ́ìlì inú rẹ̀ tó lítà 4; abọ́ tí mo gbé sílẹ̀ kò gbà ju 2 lọ. Kí n tó wọ́ jáde lábẹ́ ọkọ̀ wá abọ́ míì, ọ́ìlì dúdú kirikiri ti tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní.

Omi ni mo kọ́kọ́ bù sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ọ́ìlì léfòó sójú omi, omi gbé e rìn, ó di ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ìyá onílé. Wọ́n jáde síta.

"Bàbá Tọ́lá, kí lẹ dà sílẹ̀ yìí?"

"Ẹ má bínú, Mà. Màá fọ̀ ọ́."

"Kí Baba tó ti Èkó dé níparí oṣù o."

Ọ̀dọ́kùnrin kan ládùúgbò ní bẹntiróòlù ló ń gé ọ́ìlì. Òótọ́ ni, ó gé e: ó sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì wọnú kọnkéré lọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ló kún inú kọnkéré, ohun tó bá ti ṣàn dáadáa ló ń mu. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àbàwọ́n ti fẹ̀ sí i. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo wá rí ìyá alákàrà tó ń dáná lẹ́nu géètì wa. Iná ààrò wọn kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ síbi tí mo da bẹntiróòlù sí lánàá. Ara mi gbọ̀n.

Mo tún ra ásíìdì tí àwọn onítáìlì fi ń fọ sìmẹ́ńtì kúrò lójú táìlì. Ó hó ṣùùṣùù, inú mi dùn. Nígbà tí mo fi omi ṣàn án, sìmẹ́ńtì ojú ibẹ̀ ti jẹ, yanrìn ti yọ síta, ọ́ìlì sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Sìmẹ́ńtì ni ásíìdì ń bá jà, kò bá ọ́ìlì ṣọ̀tá rárá.

Mo bẹ bíríkìlà pé kó kúkú fi sìmẹ́ńtì tuntun rẹ́ ẹ lójú. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, kí la fi ń pa pákó kí kọnkéré má baà lẹ̀ mọ́ ọn? Ṣebí ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀m yìí náà ni. Tí mo bá rẹ́ ẹ lónìí, ẹ óò máa ṣí i bí èèpo."

Ìyá ọlọ́ṣẹ tó ń gbé lẹ́yìnkùlé ló là mí lójú. Wọ́n ti fi omi eérú fọ epo pupa tó dà sílẹ̀ nílé ìdáná wọn, ibẹ̀ sì mọ́. Wọ́n bu díẹ̀ fún mi. Mo fọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́, kò mú nǹkan kúrò. Ìgbà tí mo ronú sí i ni mo rí ìdí rẹ̀: omi eérú àti epo pupa tàbí àdín, bí wọ́n bá pàdé, ọṣẹ ni wọ́n ń dì, iṣẹ́ tí ìyá fi ń jẹun nìyẹn. Ọ́ìlì ọkọ̀ kì í ṣe epo igi, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti wa orísun rẹ̀, eérú kò lè sọ ọ́ di ọṣẹ. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ irú epo tó dà sílẹ̀.

Mo gba Bódìjà lọ, níbi tí wọ́n ti ń la pákó, mo kó ìyẹ̀ pákó ààbọ̀ àpò. Mo da èyí tó gbẹ lé àbàwọ́n, mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, mo fi í sílẹ̀ dìrọ̀lẹ́ kí n tó gbá a. Ká ní ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀ Sátidé yẹn nìyí ni, bóyá ìdajì ìyà náà kì bá tí jẹ mí. Ẹni tí kò bá rí ìyẹ̀ pákó lè lo lẹ́búlẹ́bú sìmẹ́ńtì, àmọ́ kó wọ ìbọ̀wọ́, ó ń jó ọwọ́.

Lẹ́yìn náà, ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun àti omi gbígbóná, kó ki. Búrọ́ọ̀ṣì onírun líle ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fi ti onírin sílẹ̀, nítorí wẹ́wẹ́ irin rẹ̀ máa ń há sí kọnkéré, á sì dípẹtà. Mi ò jẹ́ kí ìfófòó yẹn ṣàn sí gọ́tà, ìyẹ̀ pákó náà ni mo fi gbé e.

Èyí tó wá parí rẹ̀ ni pé mo fi ọṣẹ olómi àti omi gbígbóná po ìyẹ̀ pákó bí ẹ̀bà, mo tẹ́ ẹ sórí àbàwọ́n kó nípọn tó ìka kan, mo fi ọ̀rá bò ó, mo fi òkúta tẹ etí rẹ̀. Ó sùn bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo ṣí i sí oòrùn. Bó ṣe ń gbẹ ló ń fa ọ́ìlì sókè. Nígbà tí mo há a kúrò, abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n bíi tíì. Lẹ́ẹ̀kejì, kò pọ́n tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, òjìji lásán ló kù, tó jẹ́ pé ẹni tó bá mọ ibẹ̀ nìkan ló lè tọ́ka sí i. Mo so gbogbo ìyẹ̀ tó ti mu ọ́ìlì sínú ọ̀rá, mo gbé e fún mẹkáníìkì kó kó o mọ́ ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀m tirẹ̀. Ó gbà á, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín.

Baba dé níparí oṣù. Wọ́n rìn kọjá lórí ibi ọ́ìlì, wọn ò tiẹ̀ wolẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé ibi tí ásíìdì ti jẹ ni wọ́n dúró, wọ́n fi ọ̀pá wọn ha yanrìn tó yọ síta.

"Bàbá Tọ́lá, kí ló jẹ ilẹ̀ mi níbí?"