Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa hydrangea tó lè dúró nínú oòrùn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ọgbà òdòdó, ìbéèrè kan ń bọ̀ wá bá yín láti ẹnu oníbàárà, bí kò bá tíì dé: "Ṣé hydrangea lè gbé inú oòrùn?" Ẹ má yára dáhùn. Tí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè mú kó fi owó ra igi tí oòrùn máa pa. Tí ẹ bá ní rárá, ẹ ti fi òdòdó tó dára du ẹni tí gbogbo iwájú ilé rẹ̀ wà ní gbangba. Ẹ dá ìbéèrè padà fún un: èwo nínú wọn?

Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Àwọn tó ń jẹ́ hydrangea pọ̀ lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n mẹ́rin ló máa ń gba ọwọ́ wa kọjá jù lọ, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ wá lẹ sì máa fi mọ ohun tó lè fara dà. Hydrangea macrophylla, olórí rogodo aláwọ̀ búlúù tàbí píǹkì tí gbogbo ayé mọ̀, ọmọ etíkun Japan ni, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù tó sì lọ́rinrin. Hydrangea arborescens ti àwọn igbó ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà wá, Hydrangea quercifolia sì ti gúúsù ìlà-oòrùn ibẹ̀ wá. Abẹ́ igi ńlá ti mọ́ àwọn méjèèjì lára. Hydrangea paniculata ní tirẹ̀ ń hù ní Japan, Ṣáínà àti erékùṣù Sakhalin ti Rọ́ṣíà, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àti inú igbó tí igi rẹ̀ kò dí, níbi tí oòrùn ti ń rí i dáadáa. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ tí wọ́n bá ti pe oòrùn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti macrophylla, torí òun ló ń kó ẹjọ́ wá bá wa. Ewé rẹ̀ gbòòrò, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì jìn. Lọ́sàn-án, omi tó ń gba ojú ewé jáde máa ń pọ̀ ju èyí tí gbòǹgbò lè fà sókè lọ, kódà bí ilẹ̀ bá tutù. Tó bá di nǹkan bí aago méjì, gbogbo ewé á ti rọ wálẹ̀ bí etí ewúrẹ́. Ẹni tó ni ín á sáré gbé omi. Ẹ dá a dúró. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Tí abẹ́ ilẹ̀ bá tutù, tí erùpẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìka, kì í ṣe òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀. Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí. Tó bá fi máa di àárọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é lánàá.

Tí ewé bá ṣì rọ ní kùtùkùtù àárọ̀, ọ̀rọ̀ ti di méjì. Yálà ilẹ̀ ti gbẹ dé ìsàlẹ̀, tàbí gbòǹgbò ti ń jẹrà nínú omi. Ìka kan náà ló máa sọ èyí tó jẹ́. Ohun tó sì ń pa púpọ̀ nínú wọn nìyẹn: wọ́n rí ewé tó rọ lọ́sàn-án, wọ́n da omi sí i, ó tún rọ lọ́la, wọ́n tún da omi sí i, gbòǹgbò jẹrà, ewé wá rọ tí kò gbérí mọ́, síbẹ̀ omi náà ni wọ́n tún ń dà. Oòrùn ló gba ẹ̀bi, omi ló pa á.

Bí ó bá jẹ́ pé oòrùn gan-an ló ń ṣe é, àmì rẹ̀ yàtọ̀. Etí ewé á gbẹ ràkọ̀ràkọ̀, á di àwọ̀ ilẹ̀. Orí òdòdó tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn á sun, èyí tó wà lẹ́yìn á ṣì gún régé. Èyí tó ti sun kì í padà bọ̀ sípò, ewé tuntun nìkan ló lè rọ́pò rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ kì í ṣe macrophylla ní nǹkan, ó tilẹ̀ fẹ́ ẹ kó lè tanná dáadáa. Oòrùn ọ̀sán ló yẹ kí ilé tàbí igi bá a gbà.

Ẹnì kan nínú yín á ní, "Endless Summer ńkọ́?" Macrophylla ni. Michael Dirr, onímọ̀ nípa igi ará Amẹ́ríkà, ló ṣàkíyèsí rẹ̀ nínú oko Bailey Nurseries ní Minnesota ní 1998, wọ́n sì gbé e jáde fún títà ní 2004. Ohun tó mú un gbayì ni pé ó ń rúdí lórí ẹ̀ka ọdún tó kọjá, ó sì tún ń rúdí lórí ẹ̀ka tuntun, tó fi jẹ́ pé bí òtútù bá pa ìrudí àkọ́kọ́, òdòdó ṣì máa wà. Ọ̀rọ̀ òtútù nìyẹn o, kò kan oòrùn. Mo ń rí àwọn tó ń tà á bí ẹni pé ó lè gbé ibikíbi. Ẹ má bá wọn dá sí i.

Ó yá, paniculata. Bí ẹ bá ní àyè tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ẹ sì fẹ́ hydrangea dandan, ẹ má wulẹ̀ wá ibòmíràn lọ. Orí òdòdó rẹ̀ kì í ṣe rogodo, ó máa ń ṣẹnu ṣóńṣó lókè ni. Inú oòrùn ni ẹ̀ka rẹ̀ ti ń le, tó sì lè gbé orí òdòdó ńlá dúró. Ẹ gbìn ín sí ibòji tó ṣókùnkùn, ẹ máa rí i tó ń na ọrùn wá ìmọ́lẹ̀ kiri, ẹ̀ka á tẹ́ẹ́rẹ́, òdòdó á kéré, òjò ẹyọ kan á sì tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òtútù ilẹ̀ oníyìnyín kò bà á lẹ́rù, nítorí pé orí ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lọ́dún náà ló ti ń tanná. Òtútù tó pa ẹ̀ka àtijọ́ kò tíì fọwọ́ kan òdòdó tó ń bọ̀.

Nínú àwọn irú rẹ̀, Limelight ni mo fọwọ́ sọ̀yà jù. Pieter Zwijnenburg ará Netherlands ló tọ́ ọ jáde. Òdòdó rẹ̀ á kọ́kọ́ jẹ́ àwọ̀ ewé tútù tó mọ́lẹ̀, á funfun, á sì wá di píǹkì nígbà tí òru bá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó lè ga tó mítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má gbìn ín sábẹ́ fèrèsé ẹni ẹlẹ́ni kí ẹ wá máa gé e lọ́ọdún torí pé ó dí ojú ọ̀nà. Little Lime, tó kúrú jù ú lọ, wà fún irú ibẹ̀. Tí àyè bá tilẹ̀ há ju bẹ́ẹ̀ lọ, Bobo kì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju mítà kan lọ, òdòdó sì máa ń bo gbogbo ara rẹ̀. Quick Fire ló máa ń ṣáájú àwọn yòókù tanná, ó lè fi nǹkan bí oṣù kan ṣíwájú wọn. Pinky Winky ti Bẹ́ljíọ̀mù àti Vanille Fraise ti Faransé ni ẹ máa fún ẹni tó fẹ́ rí funfun àti píǹkì lórí òdòdó kan ṣoṣo. Grandiflora tí àwọn àgbà máa ń gbìn ṣì dára, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wúwo ju ẹ̀ka rẹ̀ lọ. Èmi kì í fi í fún oníbàárà tí kò fẹ́ wàhálà.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé. Èyí tí ẹ ń rí tó ń dán lójú yẹn, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ewé òdòdó gan-an, ewé tó máa ń bo ìrudí ni, tó gbòòrò tó sì gba àwọ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í já bọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan bíi ti àwọn òdòdó mìíràn. Ó lè wà lórí ẹ̀ka fún ọ̀pọ̀ oṣù kó máa pa àwọ̀ dà. Píǹkì tó ń wọ paniculata níkẹyìn, òru tútù ló ń fà á, kì í ṣe ilẹ̀. Níbi tí òru ti ń gbóná ṣáá, ó lè ti funfun bọ́ sí àwọ̀ ilẹ̀ láìdé ọ̀dọ̀ píǹkì rárá. Ẹ sọ èyí fún oníbàárà kó tó sanwó, torí àwòrán tó rí, ilẹ̀ tútù ni wọ́n ti yà á.

Arborescens lè bá wa ṣe é nínú oòrùn, kìkì bí ilẹ̀ kò bá ní gbẹ. Annabelle ló lókìkí jù níbẹ̀. Ẹ̀bá ìlú Anna ní Illinois ni wọ́n ti rí i ní 1910. Tí oòrùn bá pọ̀ tí omi sì dín, òdòdó funfun rẹ̀ á tètè gbó. Tí òjò bá sì rọ̀ sí i, orí ńlá rẹ̀ á dojú bolẹ̀. Incrediball, irú arborescens mìíràn, ní ẹ̀ka tó nípọn jù ú lọ. Bí ó bá jẹ́ Annabelle ni oníbàárà fẹ́ dandan, ẹ má gé e mọ́ ilẹ̀ lọ́ọdún. Ẹ fi ẹ̀ka sílẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, kí èyí tó ń bọ̀ lè rí àtìlẹ́yìn.

Quercifolia ni àwọn èèyàn ń gbàgbé, ó sì ń dùn mí. Ewé rẹ̀ ní ìka bíi ti igi óákù, ó sì máa ń pọ́n bí osùn nígbà ìwọ́wé, pàápàá tó bá ti rí oòrùn tó. Nínú àwọn irú rẹ̀, Snow Queen ń gbé orí òdòdó dúró dáadáa. Ruby Slippers, tí U.S. National Arboretum, ọgbà igi ìjọba Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2010, kò ga púpọ̀, funfun rẹ̀ sì ń di píǹkì tó jinlẹ̀. Quercifolia fara da ọ̀dá ju macrophylla lọ nígbà tó bá ti múlẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ ni omi tó dúró sí gbòǹgbò. Tí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tó ń di omi mú, ẹ gbé ebè sókè kí ẹ tó gbìn ín, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ti gígé, ẹ̀ka wo ni ìrudí wà lórí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Paniculata àti arborescens, ìparí ìgbà òtútù, kí ewé tó yọ. Macrophylla àti quercifolia, kété lẹ́yìn tí wọ́n bá tanná tán, torí pé ìrudí ọdún tó ń bọ̀ ti máa ń wà lórí ẹ̀ka kí òtútù tó dé.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ oòrùn fúnra rẹ̀. Àkọlé ara ìkòkò á ní "oòrùn kíkún", ìyẹn wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ibòji. Wákàtí 6 láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán àti wákàtí 6 láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ohun kan náà. Ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn máa ń gba ooru sára títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú, á sì máa tú u lé igi lórí. Kọnkéré àti òkúta wẹ́wẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀, ẹ lọ lọ́sàn-án, ẹ lọ nírọ̀lẹ́, kí ẹ wo ibi tí òjìji bọ́ sí. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ onílé gbọ́ lórí èyí. Púpọ̀ wọn kì í sí nílé lọ́sàn-án.

Ẹ tún wo ilẹ̀ tí ẹ wà. Níbi tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti tutù tí kùrukùru òkun sì ń wọlé, macrophylla lè dúró ní gbangba láìsí ìṣòro. Níbi tí oòrùn ti ń ta ènìyàn lára, paniculata pàápàá á dúpẹ́ tí ó bá rí ibòji díẹ̀ lẹ́yìn aago méjì.

Ọdún àkọ́kọ́ ló le jù fún gbogbo wọn. Igi tó ti ń gbé abẹ́ àwọ̀n níbi tí wọ́n ti ń tọ́ irúgbìn kò lè bọ́ sínú oòrùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kó gba oòrùn àárọ̀ díẹ̀, kí ẹ máa fi kún un fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ẹ tó gbìn ín. Tí gbòǹgbò bá ti ń yí po inú ìkòkò, ẹ fi ọwọ́ tú u. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa yí po náà ni nínú ilẹ̀, kò sì ní jáde lọ wá omi. Ẹ má gbìn ín jìn ju bó ṣe wà nínú ìkòkò lọ. Ìdí igi ni kí ẹ rọra bomi sí, láàárọ̀, kí ó wọlẹ̀ dáadáa, kàkà kí ẹ máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Èèpo igi tàbí ewé gbígbẹ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 á mú kí ilẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kan ara igi. Ajílẹ̀ lè dúró ná; ewé rọ̀bọ̀tọ̀ tí ajílẹ̀ ń mú jáde ló ń tètè sun.

Ó ku oníbàárà tó fẹ́ búlúù láàárín oòrùn. Yóò wá, yóò sì mú àwòrán dání. Macrophylla àti ìbátan rẹ̀ serrata ni ilẹ̀ kíkan ń sọ di búlúù, torí alumíníọ̀mù tí gbòǹgbò ń rí fà níbẹ̀. Kò sí paniculata aláwọ̀ búlúù. Ẹni tó bá fi àwòrán Limelight aláwọ̀ búlúù hàn yín, ayédèrú ló mú wá. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn ilé rẹ̀ hàn án fún macrophylla, kí ẹ sì fi paniculata sí gbangba. Bí ó bá kọ̀, tó ní àárín gbangba náà ni búlúù gbọ́dọ̀ wà, ẹ lè gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹ ti sọ fún un, kí ó sì buwọ́ lù ú kí ẹ tó gbẹ́ kòtò kankan.