Asà Gíríìkì Lápá Òsì Mi
Ní àárọ̀ àná, nínú eré ogun àtijọ́ tí a ṣe ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Marathon ní ilẹ̀ Gíríìkì, níbi tí àwọn ará Athens ti ṣẹ́gun ọmọ ogun Páṣíà ní ọdún 490 ṣáájú ìbí Kristi, ni mo kọ́kọ́ gbé asà onígi tó wọn nǹkan bíi kílò 7 fún odidi wákàtí kan. Ọwọ́ nìkan ni mo rò pé wọ́n fi ń dì í mú, àṣé ńṣe ni wọ́n ń ki apá bọ inú ìdè idẹ àárín rẹ̀ títí dé ìgúnpá, kí ọwọ́ tó di okùn etí rẹ̀ mú. Òógùn ti rin aṣọ ọ̀gbọ̀ onípele tí mo fúnra mi rán. A tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, asà mi ń bo ẹni tó wà lápá òsì mi, ti ẹni ọ̀tún sì ń bò mí. Àfi bí onítọ̀hún ṣe yà lọ mu omi, tó fi ìhà mi sílẹ̀ gbayawu.