Kí ẹ tó da omi sí koríko tó gbẹ, ẹ fà á wò ná

Ẹ̀yin tí ẹ gbin koríko síwájú ilé ní Ìlọrin níbí, ó dájú pé ẹ ti rí irú ẹ̀ rí: pápá á tutù yọ̀yọ̀, àmọ́ ibì kan á ṣàdédé pọ́n rúsúrúsú láàrin rẹ̀, bíi lápálápá lórí ọmọdé. Omi ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń dà sí i. Bómi ò bá ran án, wọ́n á ra ajílẹ̀. Bí ajílẹ̀ náà ò bá ran án, ó di oògùn kòkòrò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú koríko ní Táńkè, ohun tí mo sì rí kọ́ ni pé àwọ̀ kan náà ni koríko tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń ní pẹ̀lú èyí tí ìtọ̀ ajá jó, bẹ́ẹ̀ ajílẹ̀ tí èèyàn rò pé ó máa gbà á là lè túbọ̀ jó o. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ tó náwó.

Oṣù tí a wà ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Lọ́dọ̀ wa níbí, òjò ń dá níparí oṣù kẹwàá, ọyẹ́ á sì wọlé tẹ̀lé e. Bí gbogbo pápá bá pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà nínú oṣù kìíní, kì í ṣe àìsàn, koríko ń sinmi ni. Ẹ fa díẹ̀ tu, kí ẹ fi èékánná ha ìdí rẹ̀. Bí ìdí àti gbòǹgbò bá funfun tó sì ṣì le, ó wà láàyè, òjò oṣù kẹrin á jí i. Èyí tó bá ń rún lọ́wọ́ ti kú. Koríko Bahama ń fara da ọ̀dá ju koríko carpet grass lọ dáadáa, nítorí náà ẹni tí kò bá ní omi tó pọ̀, Bahama ni kó gbìn.

Èyí tó ń da èèyàn láàmú ni èyí tó ń gbẹ lójú kan nígbà tí àyíká rẹ̀ tutù. Ẹ di koríko ibẹ̀ mú, kí ẹ fà á. Bó bá ṣí kúrò nílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí gbòǹgbò, nǹkan kan ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀. Ẹ wa ilẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ìdin funfun, olórí pupa, tó ká kóńkó sínú erùpẹ̀. Bó bá jẹ́ ewé ni nǹkan ń gé jẹ, ẹ po ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ díẹ̀ mọ́ omi nínú garawa, kí ẹ dà á síbẹ̀. Bí kòkòrò bá wà, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa rá jáde. Ibi tí ẹ bá ti rí wọn nìkan ni kí ẹ fín. Mi ò fara mọ́ kí èèyàn fín gbogbo pápá torí ibi kékeré kan. Bí ẹ bá sì rí lékeléke tó ń ṣa nǹkan jẹ níbẹ̀, ẹ má lé e, ó ń bá yín ṣiṣẹ́ ni.

Bí koríko bá dì mọ́lẹ̀ gbọingbọin, tí kò sí kòkòrò, ẹ yẹ ilẹ̀ wò. Aládùúgbò mi kan ní irú ẹ̀ lẹ́bàá fẹ́ǹsì rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Kúdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Omi tí mò ń bu síbẹ̀ láràárọ̀ kì í ṣe kékeré." Mo mú sùkúrúdíráfà gígùn, mo tì í bọlẹ̀ níbi tó tutù, ó wọlé títí dé èèkù. Mo tì í níbi tó gbẹ, ó dún kọ̀! kò wọlé ju oríkèé ìka kan lọ. A gbẹ́ ibẹ̀. Bíríkì fọ́, símẹ́ǹtì tó ti dì, àpò símẹ́ǹtì tó ká sínú yángí. Ibẹ̀ làwọn bíríkìlà ti po kọnkéré nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, wọ́n wá fi erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kò sí bí ẹ ṣe lè bomi rin irú ibẹ̀ tó: erùpẹ̀ orí rẹ̀ kò nípọn tó láti gba omi dúró, oòrùn ọ̀sán kan ti fà á gbẹ. A kó gbogbo rẹ̀ jáde títí tó fi jìn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, a fi ilẹ̀dú tí a pò mọ́ ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dúdú dí i. Ìtàkùn koríko tó ń rá lọ sára títì ọgbà rẹ̀ la gé lọ́mọ lọ́mọ, a rì wọ́n síbẹ̀ nínú oṣù kẹfà, a sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ilé tuntun ló pọ̀ jù ní àdúgbò wa, mo sì gbà pé ìdí yìí ló wọ́pọ̀ jù lọ.

Ti ajá ò ṣòro mọ̀: ó máa ń rí róbótó, àárín á kú, etí rẹ̀ á sì tutù ju gbogbo pápá lọ. Nitrogen tó wà nínú ajílẹ̀ yúríà náà ló wà nínú ìtọ̀. Díẹ̀ rẹ̀ ń fún koríko lókun, àpọ̀jù rẹ̀ ń jó o. Ẹni tó bá wá da ajílẹ̀ síbẹ̀ ń dá kún un ni. Omi púpọ̀ ni kí ẹ dà síbẹ̀ kó lè fọ̀ ọ́ wọlẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù tí wọ́n dà jọ lójú kan ń jó koríko bákan náà.

Nínú oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, bí ìdí ewé bá ń rà, tí ẹ sì rí òwú funfun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, àrùn olú (fungus) ni. Ẹ dá yúríà dúró, kí ẹ má bomi rin ín nírọ̀lẹ́ mọ́.

Tí ẹ bá ń gé e, ẹ má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, kí abẹ máwà, ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko, sì mú. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbé agolo mílíìkì tó ṣófo sórí pápá nígbà tí ẹ bá ń fọ́n omi, kí ẹ lè wọn bí omi inú rẹ̀ ṣe ga tó. Ìwọ̀n mílímítà 25 lọ́sẹ̀ tó, kí ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì kó lè wọlẹ̀ dáadáa, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú.